Àwọn Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Àgbádárìgì

Àgbádárìgì wà ní etí ọ̀sà, ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkó, kò jìnnà sí Sẹ̀mẹ̀ tó jẹ́ ẹnubodè Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin. Ìlú àwọn Ègùn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Àwórì àti àwọn Yorùbá mìíràn ti ń bá wọn gbé ibẹ̀ tipẹ́. Ará Òkè-Odò tó bá fẹ́ débẹ̀ yóò gba Ìgándò kọjá sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU), yóò já sí Ìyànà-Ìbà, ibẹ̀ ni yóò ti wọ mọ́tò Àgbádárìgì. Ìlú náà kò tóbi, àmọ́ ohun àtijọ́ tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ìlú ńlá lọ. Wọn kò sì kó wọn jọ sí ojú kan. Ti ìjọba wà lọ́tọ̀, ti agbo-ilé wà lọ́tọ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì wà létí omi, ọjà ẹrú àtijọ́ wà láàárín ìlú, ojú ọ̀nà tí àwọn ẹrú gbà dé etí òkun sì wà ní òdìkejì ọ̀sà.

Ohun kan ló mú ibẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ òwò ẹrú. Lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ wá láti ìdílé àwọn tó ta ẹrú ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ wà, àwọn fúnra wọn ló sì ń fi í han àlejò.

Ìlú àti òwò rẹ̀

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní ìlú fi ìtẹ̀dó Àgbádárìgì sí nǹkan bí 1425, wọ́n sì sọ pé láti 1502 ni ọjà ẹrú Vlekete ti ń ná. Àwọn òpìtàn tó wo ìwé àwọn oníṣòwò Yúróòpù gba ibòmíràn wò ó. Ní tiwọn, ọdún 1730 sí 1740 ni ìlú yìí di èbúté òwò. Oníṣòwò ará Netherlands kan tó ń jẹ́ Hendrik Hertogh ló tẹ̀dó síbẹ̀ lẹ́yìn tí ogun Dàhómì lé e kúrò ní Jakin. Òun ni àwọn Ègùn ń pè ní Yovo Huntokonu. Ó ṣòro láti so 1502 mọ́ ìtàn yìí. Síbẹ̀, 1502 ni wọ́n kọ sára pátákó, òun ni afinimọ̀nà sì ń kà fún àwọn ọmọ iléèwé.

Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ni pé láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, Àgbádárìgì di ọ̀kan nínú àwọn èbúté tí wọ́n ti ń kó ènìyàn lọ sí Brazil àti àwọn erékùṣù Karibíánì. Tábà Brazil, owó ẹyọ, ìbọn, ọtí àti aṣọ ni wọ́n fi ń rà wọ́n. Ní 1863 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà mọ́ Èkó.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba

Ọdún 1863 yìí náà ni wọ́n sọ pé wọ́n kọ́ ilé tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba wà. Ọ́fíìsì ajẹ́lẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, kí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 2002. Bí wọ́n ṣe to àwọn yàrá rẹ̀ mọ́gbọ́n dání: àlejò yóò kọ́kọ́ rí bí wọ́n ṣe ń mú ènìyàn, yóò dé ibi tí wọ́n ń há wọn mọ́, yóò rí irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń dè wọ́n, ìyà àti ìdìtẹ̀, iṣẹ́ oko ní òkè òkun, títí dé bí àwọn ọmọ wọn ṣe di ọmọ onílẹ̀ lọ́hùn-ún. Olùkọ́ tó kó ọmọ wá láti Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìkòtún kò gbọdọ̀ fo ibẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn náà ti ní orí, tó ní ìrù.

Agbo-ilé Mobee

Ilé kékeré ni tàwọn Mobee, àmọ́ òun ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn Mobee wà lára àwọn ìjòyè tó bá òyìnbó ṣòwò ẹrú, ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn ni wọ́n sì kó sí yàrá kan nínú agbo-ilé: ẹ̀wọ̀n ọrùn, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ẹsẹ̀, ìkòkò tí ẹrú púpọ̀ ti ń mumi pọ̀, àti irin tí wọ́n ń fi ti ẹnu ẹrú pa bí àgádágodo. Irin náà ti dípẹtà. Ẹni tó bá gbé ẹ̀wọ̀n náà lọ́wọ́ yóò mọ ìwúwo rẹ̀ kí wọ́n tó la ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ fún un. Nínú wọn ni èyí tó kéré wà, tí òrùka rẹ̀ kò lè wọ ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà. Ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún.

Ọmọ ilé ló máa ń ṣàlàyé. Kì í sọ pé òyìnbó nìkan ló jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi bàbá ńlá rẹ̀ pamọ́. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa, níbi tí oríkì ti máa ń gba iwájú ẹ̀rí.

Agbo-ilé Seriki Abass

Èyí tí wọ́n ń pè ní Brazilian Barracoon, ilé tí wọ́n ń há ẹrú mọ́, jẹ́ ti Seriki Fárẹ̀mí Williams Abass. Ọmọ Jogá-Òrílé, ní agbègbè Ìlaròó, ni. Àwọn jagunjagun Dàhómì mú un lọ́mọdé, wọ́n tà á, ó dé Brazil, ó mọ èdè òyìnbó, ó sì padà wá. Nígbà tó dé, òwò tí wọ́n fi òun náà ṣe ló bá lọ. Ó dọlọ́rọ̀, ó di Seriki Mùsùlùmí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gbé agbára agbègbè ìwọ̀-oòrùn lé e lọ́wọ́ ní 1913. Ní 1919 ló kú. Inú agbo-ilé náà ni sàréè rẹ̀ wà. Ìdílé ń kà á pé ìyàwó rẹ̀ jẹ́ 128, ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ 144.

Yàrá ogójì ni wọ́n ní ilé náà ní, ogójì ẹrú ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Yàrá tó ṣẹ́ kù kò fẹ̀, ihò kékeré kan lókè ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Nínú àwọn ọjà òyìnbó tí wọ́n tò sílẹ̀, agboòrùn ló lókìkí jù, nítorí wọ́n ní ogójì ènìyàn ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó dé Àgbádárìgì ló ń mú ọ̀rọ̀ agboòrùn yìí bọ̀. Èmi kò gbà á gẹ́gẹ́ bí iye owó ọjà. Ìwé àwọn oníṣòwò ìgbà náà fi hàn pé ẹrú kan ṣoṣo máa ń gbà ju agboòrùn kan lọ dáadáa, àwọn tó ń tà á sì mọ owó ju bí ìtàn yìí ṣe ń sọ lọ. Bákan náà, wọ́n fi ilé náà sí nǹkan bí 1840, ẹni tó ni ín sì kú ní 1919. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Èyí kò sọ pé irọ́ ni ilé náà. Ẹ̀wọ̀n kò purọ́, yàrá kò purọ́. Ọdún àti iye ló yẹ kí wọ́n tún yẹ̀ wò.

Kì í ṣe Àgbádárìgì nìkan ni irú àríyànjiyàn yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Gorée, ní Senegal, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn òpìtàn fi bá olùtọ́jú Ilé Àwọn Ẹrú jà lórí iye ènìyàn tó gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn àlejò kò dẹ́kun wíwá síbẹ̀ nítorí ìyẹn.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti igi Agia

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ni wọ́n ń pe ilé àwọn míṣọ́nnárì CMS tó kọjú sí ọ̀sà. 1842 ni wọ́n ní wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, 1845 ni wọ́n parí rẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther, Henry Townsend àti C. A. Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kìíní 1845, Crowther sì ṣe lára iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì níbẹ̀, àmọ́ 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni ọwọ̀n ìrántí igi Agia wà, níbi tí míṣọ́nnárì Thomas Birch Freeman àti Townsend ti wàásù ní 1842. Ìjì ló wó igi náà ní 1959.

Òdìkejì ọ̀sà

Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ènìyàn dé erékùṣù Gberefu. Lẹ́yìn ọ̀sà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn nínú yanrìn dé etí òkun. Kànga kan wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ní wọ́n ń mú kí ẹrú mu omi rẹ̀ kó lè gbàgbé ilé. Ẹnu òkun ni wọ́n gbé ọwọ̀n sí, ibi tí ẹni tó bá kọjá kì í padà mọ́.

Ọjọ́ kan tó fún gbogbo èyí, bí ènìyàn bá jí lọ. Ẹ kọ́kọ́ dé ti ìjọba, kí ẹ wá lọ sí ti Mobee àti ti Seriki, kí ẹ sì sọdá ọ̀sà kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tí afinimọ̀nà bá ń ka ọdún, ẹ bi í léèrè ibi tó ti rí i.

Àwọn agbo-ilé Àwórì tó wà ní Ìṣẹ̀rí, Ìkòtún, Ìgándò àti Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ̀yin náà gbọ́: yàrá kan àti ọmọ ilé tó mọ ìtàn ni ìdílé Mobee fi bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀pá, ìlù, àga tàbí ìwé ilẹ̀ àwọn bàbá yín bá ṣì wà nínú yàrá, ẹ má tà á fún oníṣòwò ohun àtijọ́. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín sára rẹ̀, kí ẹ sì gba ohùn àgbà tó mọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù yín.