Ìdíje Àwọn Erékùṣù: Ibi Tí Wọ́n Ti Ń Fi Orúkọ Ara Wọn Pè Wọ́n

Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá ní orúkọ ńkọ́, tí kò sí ẹni tó ń fi orúkọ náà pè é ní gbangba? Ọ̀rọ̀ yìí ló wà nídìí ìdíje tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Island Games. Ẹni tó bá wò ó lóréfèé lè ní eré ìdárayá lásán ni. Ìtàn rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1985 ni ìdíje náà bẹ̀rẹ̀ ní Isle of Man, erékùṣù kan tó wà nínú òkun láàárín Ireland àti Bìrìtéènì. Àwọn ará ibẹ̀ ya ọdún yẹn sọ́tọ̀ fún eré ìdárayá, wọ́n sì ránṣẹ́ pe àwọn erékùṣù ẹlẹgbẹ́ wọn. Geoffrey Corlett ni olùdarí ètò náà. Erékùṣù 15 ló jẹ́ ìpè, oríṣi eré 7 ni wọ́n sì fi figagbága. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ní lọ́kàn láti ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dùn mọ́ tonílé tàlejò, wọ́n fẹnu kò pé kí ó máa wáyé ní ọdún méjì-méjì. Guernsey gbà á lálejò ní 1987, Faroe ní 1989, Åland ní 1991. Láti ìgbà náà wá, àrùn kòrónà nìkan ló tíì dá a dúró: èyí tó yẹ kí ó wáyé ní Guernsey ní 2021 di 2023. Ní oṣù Keje 2025, Orkney ni ó kàn. Nǹkan bí 22,000 ènìyàn péré ló ń gbé níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n gba àwọn eléré láti erékùṣù 24.

Ta ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí? Púpọ̀ nínú wọn wà lábẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn. Finland ló ni Åland, Sweden ló ni Gotland. Faroe àti Greenland wà lábẹ́ adé Denmark. Jersey, Guernsey àti Isle of Man ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tiwọn, wọ́n sì wà lábẹ́ ọba Bìrìtéènì. Sark kò ju nǹkan bí 500 ènìyàn lọ. Gibraltar kì í tilẹ̀ ṣe erékùṣù, orí ilẹ̀ kan náà ni òun àti Spéìn wà, síbẹ̀ ó ti gbàlejò ìdíje náà ní 1995 àti ní 2019. Ti St. Helena tún yàtọ̀: kí ọkọ̀ òfurufú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ibẹ̀ déédéé ní 2017, àwọn eléré ibẹ̀ ní láti lo bí ọjọ́ márùn-ún lórí òkun kí wọ́n tó dé Cape Town, kí wọ́n tó wá ọkọ̀ òfurufú wọ̀.

Kí ló dé tí ènìyàn yóò fi jìyà tó báyìí nítorí eré? Ẹ wo ìtàn Pál Joensen, òmùwẹ̀ ọmọ Faroe. Ní ìdíje àwọn òmùwẹ̀ ilẹ̀ Yúróòpù tó wáyé ní Budapest ní 2010, ó gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà, orúkọ Faroe sì ni wọ́n fi pè é. Ní ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó lọ sí Òlíḿpíìkì ní London. Denmark ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀, nítorí àjọ Òlíḿpíìkì kò ka Faroe mọ́ ẹgbẹ́. Ẹni kan náà ni, apá tó fi ń lúwẹ̀ẹ́ kò yí padà. Orúkọ ilé rẹ̀ ni kò ráyè wọlé.

Nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù. Ní 1989 ni wọ́n fi bọ́ọ̀lù kún ìdíje náà. Faroe tó gbàlejò ló gba ife, wọ́n sì tún gbà á ní 1991. A kò lè sọ pé ìdíje yìí ló ṣí ilẹ̀kùn FIFA fún wọn, nítorí wọ́n ti wọlé ní 1988. Ṣùgbọ́n àwọn ọdún wọ̀nyẹn gan-an ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orúkọ wọn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 1990, wọ́n pàdé Austria, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdíje Ife Àgbáyé ní Ítálì dé. Faroe kò ní pápá oníkoríko nílé nígbà náà, nítorí náà Landskrona ní Sweden ni wọ́n ti gbá a. Torkil Nielsen, ẹni tí iṣẹ́ pákó títà jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, ló gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó wọlé. Faroe 1, Austria 0.

Gibraltar náà wọlé, ṣùgbọ́n kò rọrùn. Wọ́n gba ife bọ́ọ̀lù erékùṣù ní 2007, Spéìn sì ń takò wọ́n ní UEFA fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ eré ìdárayá kí UEFA tó gbà wọ́n ní 2013, FIFA sì tẹ̀ lé e ní 2016. Ilẹ̀kùn kò ṣí fún àwọn yòókù. UEFA kọ Jersey ní 2018, nítorí òfin tuntun ní kìkì orílẹ̀-èdè tí ayé mọ̀ sí òmìnira ló lè wọlé. Greenland dé àṣekágbá ìdíje erékùṣù ní 2013 àti 2017, wọ́n pàdánù méjèèjì. Nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn CONCACAF, ìyẹn náà dá wọn padà ní 2025.

Àwa tí a ń kọ́ nípa èdè àti ìtàn máa ń ka orílẹ̀-èdè bí ẹni ka àga nínú àjọ àgbáyé: ẹni tó ní àga ló wà. Ìdíje yìí ní ìṣirò tirẹ̀. Níbi ayẹyẹ ìbẹ̀rẹ̀, erékùṣù kọ̀ọ̀kan a máa bu omi wá láti ilé, wọn a sì dà gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan. Omi Sark kò kéré sí ti Gotland níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń bi Sark pé ta ló ni ín.

Ẹnìkan lè ní àkàbà lásán ni ìdíje yìí, pé ẹni tó bá ti gun orí òrùlé kò ní padà sídìí rẹ̀ mọ́. Faroe dá wa lóhùn. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti jókòó ní FIFA, síbẹ̀ àwọn eléré wọn ṣì ń lọ síbi ìdíje àwọn erékùṣù. Ní 2027, àwọn gan-an ni yóò tún gbàlejò.