Mọ́dẹ́ẹ̀lì kọ̀ǹpútà: bí a ṣe ń dá a mọ̀ kí a tó wá ìwé àtúnṣe

Orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà kì í sábà jẹ́ orúkọ tí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe ń wá. MacBook Pro, HP Pavilion, ThinkPad: orúkọ ìdílé ni gbogbo wọn. Tí ẹ bá wọ agbo ilé ńlá kan ní Ìbàdàn, tí ẹ ní "Adéyẹmí ni mò ń wá", wọn á bi yín pé Adéyẹmí wo. Bí ìwé àtúnṣe náà ṣe rí nìyẹn. Orúkọ ẹni náà gan-an ló fẹ́ gbọ́, orúkọ yìí sì ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà ń pè ní mọ́dẹ́ẹ̀lì.

Àwọn kan lára yín á ti rí "àwòṣe" níbì kan. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ohun tí a ń wò láti fi ṣe òmíràn ni àwòṣe. Tí ẹ bá béèrè àwòṣe kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ẹni tó ń tún un ṣe, ó ṣeé ṣe kó máa wò yín. Mọ́dẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ sọ.

Austell ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ní Cobb County, ìwọ̀ oòrùn Atlanta, owó ara mi ni mo sì fi kọ́ ọ. Màmá mi ní MacBook aláwọ̀ fàdákà kan tó ti pẹ́. Inú rẹ̀ ni ohùn ìyá rẹ̀ wà, níbi tí Màmá Àgbà ti ń ki gbogbo àwa ọmọ-ọmọ ní oríkì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó di olóògbé. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Lọ́jọ́ kan, pèpéle kékeré tí ìka ń rìn lórí rẹ̀ kò wọlẹ̀ mọ́ tí a bá tẹ̀ ẹ́, nítorí pé bátìrì abẹ́ rẹ̀ ti wú. (Bátìrì tó bá wú, ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ má sì jù ú sínú ìdọ̀tí ilé. Ẹ pa kọ̀ǹpútà náà, ẹ yọ iná rẹ̀.)

Mo dojú kọ̀ǹpútà délẹ̀, mo rí A1278, mo sì ra bátìrì tí wọ́n kọ A1278 sí. A1322 ni nọ́ńbà bátìrì náà fúnra rẹ̀. Ìwé àtúnṣe tí mo ṣí sọ pé kí n tú síkúrúù mẹ́wàá lẹ́yìn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, síkúrúù wa kò pé mẹ́wàá. Kọ̀ǹpútà inú àwòrán kò ní ìlẹ̀kùn lẹ́yìn, tiwa ní.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé A1278 kì í ṣe orúkọ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Láti òpin ọdún 2008 títí dé àárín 2012, kọ̀ǹpútà onínṣì 13 mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Apple kọ nọ́ńbà yìí sí. Tẹ ẹ bá tò wọ́n sórí tábìlì, bí ìbejì ni wọ́n rí. Ṣùgbọ́n ti 2008 ń jẹ́ MacBook lásán, bátìrì rẹ̀ ni A1280, ó sì ní ìlẹ̀kùn tí a ń fi ọwọ́ ṣí. Àwọn márùn-ún yòókù, láti 2009, MacBook Pro ni wọ́n, A1322 ni bátìrì wọn, síkúrúù ló sì dè é mọ́ inú. Ti 2008 ni ti màmá mi.

Ohun tí ì bá ti là mí lójú wà nínú ìkọ̀wé wẹ́wẹ́ kan náà lábẹ́ kọ̀ǹpútà, níbi tí wọ́n kọ EMC sí. Ti 2008 jẹ́ EMC 2254, ti àárín 2012 sì jẹ́ EMC 2554. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló yàtọ̀, nítorí náà ẹ lo iná fóònù yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù kí ẹ tó kà á. Tí kọ̀ǹpútà bá ṣì ń tàn, ẹ tẹ àmì ápù ní igun òkè lọ́wọ́ òsì, ẹ yan About This Mac, ẹ ó rí irú rẹ̀ pẹ̀lú ọdún. Orúkọ kan tún wà nínú System Report tí wọ́n ń pè ní Model Identifier: MacBook5,1 ni ti 2008 yẹn, MacBookPro9,2 ni ti 2012. Èyí ni mo fọkàn tán jù, nítorí pé inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ti wá.

Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ msinfo32, ẹ tẹ Enter, kí ẹ wo System Model. Dell ní Service Tag, léta àti nọ́ńbà méje lábẹ́ kọ̀ǹpútà. Express Service Code tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ ohun kan náà tí wọ́n sọ di nọ́ńbà nìkan, ó sì rọrùn láti pè lórí fóònù. Lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká HP, ẹ tẹ Fn àti Esc pọ̀.

Ti Lenovo ni kí ẹ ṣọ́ra fún. ThinkPad T480 àti T480s jáde lọ́dún kan náà, léta kékeré kan ló sì wà láàárín wọn. T480 ń lo bátìrì méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn tí a lè yọ. T480s ní ẹyọ kan ṣoṣo nínú. Èyí tó dájú ni nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Machine Type: 20L5 tàbí 20L6 ni T480, 20L7 tàbí 20L8 ni T480s.

Lẹ́yìn èyí, ìwé àtúnṣe kò ṣòro rí. Dell, HP àti Lenovo ń gbé tiwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. iFixit náà wà, tí Kyle Wiens àti Luke Soules dá sílẹ̀ ní California lọ́dún 2003, lẹ́yìn tí Wiens fẹ́ tún iBook rẹ̀ ṣe tí kò rí ìwé kankan.

Ìdí mìíràn wà tí a fi nílò orúkọ yìí. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a kò lò mọ́ ní Amẹ́ríkà ń dé Computer Village ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní tòkunbọ̀: ó ti òkun bọ̀, bí ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tó ń jẹ́ Tòkunbọ̀. Tí ẹ bá pe ẹnì kan níbẹ̀, báyìí ni ọ̀rọ̀ lè lọ:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń wá kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kan."
"Kọ̀ǹpútà wo?"
"HP Pavilion 15 ni, sà."
"Pavilion 15 pọ̀ bí eṣú. Dojú ẹ̀ délẹ̀. Kí lo rí lábẹ́ ẹ̀?"
"Wọ́n kọ 15-eg0021nr síbẹ̀."
"Ẹn-ẹ́n! Ìyẹn ló yé mi. Ti Amẹ́ríkà ni àbí ti London?"

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn kì í ṣe àwàdà. Nọ́ńbà ọjà HP tó bá parí sí #ABA, ti Amẹ́ríkà ni; #ABU ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kíbọ́ọ̀dù wọn kò sì bára mu. Ẹ tún kíyè sí i pé ẹ̀gbọ́n sọ pé "dojú ẹ̀ délẹ̀" nítorí pé ó ju ẹni tó ń pè é lọ. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ sọ ọ́ fún un, "ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀" ni.

Ní ti màmá mi, a kọ́kọ́ da ohùn Màmá Àgbà sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí A1280 dé, mo ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo fa ti àtijọ́ jáde, mo ti tuntun bọ̀ ọ́, mi ò tú síkúrúù kankan. Àkókò tí mo lè dá A1322 padà ti kọjá nígbà yẹn, ó ṣì wà nínú páálí rẹ̀. Ẹni tó bá ní A1278 ní Austell lè wá gbà á lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ ka EMC rẹ̀ sí mi létí.