Èdè Àjèjì ní Ẹnu Ọ̀nà Ilé-Ẹ̀kọ́

Kí ọmọ Yorùbá tó pé ọdún mẹ́fà, ó ti mọ ohun púpọ̀. Ó lè ka owó nínú ọjà, ó lè jẹ́ iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ bá rán an láìbu ọ̀rọ̀ kù, ó lè já àlọ́ àpamọ̀, ó sì mọ bí a ṣe ń kí àgbà ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́. Inú èdè kan ṣoṣo ni ó kó gbogbo ìmọ̀ yìí sí. Ní ọjọ́ tí ó bá wọ ilé-ẹ̀kọ́, tí a sì fi èdè mìíràn pàdé rẹ̀, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé a gba ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ó di dandan kí ó kọ́ ohun mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: èdè tí kò gbọ́, ìwé tí kò tí ì mọ̀ ọ́n kà, àti ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ ti inú àwọn méjèèjì fún un. Bí ó bá wá dákẹ́ tí ó ń wo olùkọ́ lójú, olódo ni a ó pè é. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó dán an wò ní èdè tirẹ̀ kí ó tó sọ ọ́ lórúkọ.

Ọ̀ràn yìí ti wà kí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òyìnbó tó dé ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ọmọ ilé-kéwú ń ka èdè Lárúbáwá lára wàláà, ṣùgbọ́n Yorùbá ni àfáà fi ń là á yé wọn. Ìlú Freetown ní ilẹ̀ Sàró ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti kọ́kọ́ jókòó ní kíláàsì tí wọn kò ti gbọ́ èdè olùkọ́ rárá. Àwọn ọmọ tí ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú ni a kó lọ síbẹ̀. Àjàyí, tí a wá mọ̀ sí Samuel Crowther, wà lára àwọn tí a gbà ní 1822. Ọ̀kan-ò-jọ̀kan ni èdè tí ó wà lẹ́nu àwọn ẹni ìdáǹdè wọ̀nyí. Nítorí náà, Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn àjíyìnrere fi ń kọ́ gbogbo wọn. Ó rọ olùkọ́ lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Obìnrin kan kò gbà pé ó dára bẹ́ẹ̀. Hannah Kilham ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ Quaker ni, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ti wá. Ó rí i pé àwọn ọmọ lè pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ketekete kí wọ́n má sì mọ ohun tí wọ́n pè. Ìmọ̀ràn tirẹ̀ ni pé kí a ti inú èdè ọmọ mú un dé inú èdè kejì. Ní 1828 ó tẹ ìwé kékeré kan jáde tí ó kó ọ̀rọ̀ jọ láti inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè tí a ń sọ ní Freetown. Èdè Àkú wà nínú rẹ̀, èyíinì ni Yorùbá; ìkíni wa tí kì í tán ni àwọn ará ibẹ̀ fi sọ wá ní Àkú. Ní 1832 Kilham kú sí ojú òkun, ìmọ̀ràn rẹ̀ kò sì tí ì di ìlànà níbì kankan. Ó yẹ kí orúkọ obìnrin yìí wà lẹ́nu àwọn olùkọ́ wa ju bí ó ti wà lọ.

Iṣẹ́ Crowther ni ó fún èdè Yorùbá ní ìwé tí a lè gbé lé ọmọ lọ́wọ́. Ní 1843 ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní oṣù kìíní 1844 ó fi Yorùbá ṣe ìsìn ní Freetown. Ní 1859 Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Ní 1875 a ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ti máa kọ èdè náà sílẹ̀. Bíbélì sì parí ní 1884. Ẹni tí ó bá wo àwọn ọdún wọ̀nyí yóò rò pé ọ̀ràn ti tán. Ṣùgbọ́n kíka Bíbélì ni àwọn àjíyìnrere ń fi Yorùbá lépa. Wọn kò ronú láti fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò tàbí ìmọ̀ nípa ayé tí ó yí i ká. Èdè tí ó lágbára láti gbé ọ̀rọ̀ àwọn wòlíì ni a fi sílẹ̀ bí ẹni pé kò lè gbé ìsọdipúpọ̀ àti ìyọkúrò.

Owó ni ó wá fi èdìdì dì í. Òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba ṣe ní 1882 fún Èkó àti Gold Coast fi ìrànlọ́wọ́ owó mọ́ kíkọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí kọ́bọ̀ kan tí ó wà fún èdè ìbílẹ̀. Àwọn ará Èkó kan kùn sí i, pàápàá nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń fẹ́ owó ìjọba mọ ohun tí yóò ṣe. Kò yẹ kí a dá àwọn òbí lẹ́bi jù. Akọ̀wé ni ìjọba ń wá, akọ̀wé ni àwọn ilé ìṣòwò ń wá, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ náà. Bàbá tí ó ta kòkó láti rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kò rán an lọ kọ́ ohun tí ó ti mọ̀ nílé. Láti inú ìrò yìí ni pátákó tí a ń so mọ́ ọrùn ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ti wá, àti owó ìtanràn, àti pàṣán. Ní ìhà Kétu àti Ṣábẹ, tí àdéhùn 1889 fi sí abẹ́ àwọn Faransé, ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Faransé nìkan ni a fi ń kọ́ ọmọ láti ọjọ́ kìíní, ọmọ tí ó bá sì ṣèèṣì sọ èdè ìyá rẹ̀ ni yóò máa gbé àmì ìtìjú kiri títí yóò fi rí ẹlòmíràn tí yóò gbé e fún.

Ní 1922 ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes dá a lábàá pé kí a fi èdè ìbílẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà kọ irú rẹ̀ sínú ìwé ìlànà ní 1925. Àdéhùn ìlàjì tí ó ti ibẹ̀ jáde ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ mọ̀: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta. Abẹ́ ìlànà yìí ni àwọn ọmọ tí ó lé ní 800,000 wà nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní 1955.

Kíláàsì kẹrin ni ibi tí àdéhùn náà ti máa ń já. Ní ìparí kíláàsì kẹta, ọmọ lè ka Aláwìíyé geere, ó sì lè ṣe ìṣirò. Lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìṣirò, ìlera àti ìmọ̀ nípa ẹ̀dá di Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo ọ̀nà tí a fi ń ka nǹkan. Ọmọ tí ó bá pe mẹ́rìndínlógún ti yọ mẹ́rin nínú ogún; ẹni tí ó bá pe márùndínláàádọ́ta ti yọ márùn-ún nínú àádọ́ta. Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà òdìkejì: ó fi mẹ́fà kún mẹ́wàá, ó fi márùn-ún kún ogójì. Kò sí èyí tí ó gọ̀ nínú ọ̀nà méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tí a kò ṣàlàyé fún yóò kọsẹ̀ níbi tí wọ́n ti pàdé. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. Ó ni Yorùbá fi ń pe ọkùnrin, òun náà ni a fi ń pe obìnrin àti ewúrẹ́. Ọmọ tí ó bá wá fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin pe ìyá rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì jẹgba fún un, bí ẹni pé kò mọ̀ pé obìnrin ni ìyá òun. Etí rẹ̀ kò sì ya ìró tí kò sí nínú èdè rẹ̀ sọ́tọ̀. Ohun tí ó kù fún un ni kí ó há ẹ̀kọ́ sórí, kí ó sì dà á sílẹ̀ ní ọjọ́ ìdánwò. Bí olùkọ́ fúnra rẹ̀ kò bá fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yékéyéké, bí ó ti máa ń rí lọ́pọ̀ ìgbà, afọ́jú méjì ni ó ń fa ara wọn.

Ní 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀ gbé ọ̀ràn yìí kúrò ní àríyànjiyàn ẹnu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá ni aṣáájú iṣẹ́ náà, Ford Foundation ti Amẹ́ríkà sì fi owó ràn án lọ́wọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A” ní Mọdákẹ́kẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ àwọn ọ̀mọ̀wé. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú. Wọ́n fi àwọn ọmọ mìíràn sí abẹ́ ìlànà àtijọ́, Yorùbá mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta, kí a lè fi wọ́n wé ara wọn. Ìwé kò sí. Wọ́n kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kò tó. Wọ́n ṣẹ̀dá rẹ̀, olùkọ́ kíláàsì pẹ̀lú ọ̀mọ̀wé. Ní 1973 wọ́n mú un dé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn.

Àbájáde rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ Yorùbá ọdún mẹ́fà ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn oníyèméjì béèrè bóyá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dáńtọ́ ni ó ṣe é, kì í ṣe Yorùbá. Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n apá Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó kàn. Kò sí bí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti lè mú ọmọ mọ ìṣirò tí a fi Yorùbá kọ́ ọ. Ìtàn iṣẹ́ náà wà nínú ìwé tí Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1989.

Ẹ̀rí yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nígbà tí a bá sọ pé Yorùbá ni èdè ọmọ, èwo nínú ọmọ? Fún ọmọ Ègùn ní Àgbádárìgì, Yorùbá pàápàá jẹ́ àjèjì ní kíláàsì kìíní. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọmọ Ìjọ́ ní Àrógbò. Ọmọ Àkókó tàbí Ìkálẹ̀ yóò gbọ́ púpọ̀ nínú Yorùbá inú ìwé, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn tí ń jà fún Yorùbá kì í fẹ́ràn láti sọ èyí, ṣùgbọ́n ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe sí ọmọ Mọdákẹ́kẹ́, Yorùbá lè ṣe é sí ọmọ Ègùn.

Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè ti 1977 fọwọ́ sí èdè ìbílẹ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìyà fún ẹni tí kò tẹ̀lé e, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì fa àwọn òbí mọ́ra. Ní oṣù kọkànlá 2022 ìjọba àpapọ̀ gbà pé kí a fi èdè ìbílẹ̀ kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá 2025 ìjọba kan náà fagi lé e; wọ́n ní àwọn tí ń fi èdè ìbílẹ̀ kọ́ni ni ó ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣekágbá. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ọmọ tí ó ṣe ìdánwò náà ní 2025 ti wọ kíláàsì kìíní ní nǹkan bí 2013. Nígbà tí ìlànà 2022 fi máa jáde, ó ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ìlànà tí kò kàn án ni a fi ń dá a lẹ́jọ́.

Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì kẹrin, olùkọ́ tí ó bá ti ka gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tán nínú ìwé yóò wo ojú àwọn ọmọ, yóò sì tún un sọ ní Yorùbá kí ó tó kọjá sí èyí tí ó kàn. Kò sí nínú ìwé ètò iṣẹ́ rẹ̀. Bí alábẹ̀wò bá yọ lójú fèrèsé, yóò padà sí Gẹ̀ẹ́sì.