Ríra àti títa alùpùpù ní Alímọ̀ṣọ́

Alùpùpù, tí a mọ̀ sí ọ̀kadà, jẹ́ ohun ìrìnnà àti ohun ìṣòwò ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní ọdún 2022, ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ 10. Alímọ̀ṣọ́ kò sí lára wọn, ṣùgbọ́n òfin ìrìnnà ọdún 2012 ka àwọn òpópónà márosẹ̀ léèwọ̀ fún un.

Lábẹ́ àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò lè wọ Nàìjíríà láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́. Bí yóò bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìgbélùú.

Àjèjì tó bá ra alùpùpù àlòkù ní láti gba rìsíìtì àti ìwé ọkọ̀, kí ó sì yí orúkọ tó wà nínú ìwé náà padà sí tirẹ̀ lọ́dọ̀ MVAA, àjọ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní Èkó. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ ẹni tó tà á ni yóò ṣì wà nínú ìwé. Bí ọlọ́pàá bá gba alùpùpù náà, yóò ṣòro fún ẹni tó rà á láti fi hàn pé òun ló ni ín. Bí ó bá sì fa jàǹbá, ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á ni wọn yóò kọ́kọ́ lọ. Nítorí náà, àjèjì tó ń padà sílé náà ní láti parí ìwé kí ó tó lọ.