Ìjánu Tí Ó Yẹ Ẹṣin Alágbára: Láti Ọ̀yọ́ Ilé dé Òjúde Ọba

Ọ̀rọ̀ ìjánu ni a gbé ka iwájú yín nínú ìjíròrò yìí. Kì í ṣe ìkóra-ẹni-níjàánu tí àwọn oníwàásù máa ń sọ ni mo ní lọ́kàn, bí kò ṣe irin gan-an tí a ń fi bọ ẹṣin lẹ́nu. Bí ẹṣin bá lágbára, tí ó ń gbé gbogbo ìwúwo orí rẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tí ó gùn ún, tí apá onítọ̀hún fi ń ro ó kí wọ́n tó rìn jìnnà, irú ìjánu wo ni ó yẹ ẹ? Èsì tí ó kọ́kọ́ máa ń bọ́ sí ènìyàn lẹ́nu ni pé kí a wá èyí tí ó le jù lọ fún un. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ìtàn ni mo sì fẹ́ fi ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, nítorí iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ mi. Bí a bá tú ìjánu palẹ̀, ì-já-ẹnu ni ó jọ, ohun tí ń já ẹnu. Agbára ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Àwọn Hausa ń pè é ní linzami, ọ̀rọ̀ tí ó ti inú lijām àwọn Lárúbáwá wá. Ní tiwa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni a fi ń pe irin ẹnu, awọ orí àti okùn ọwọ́ papọ̀. Nígbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá dé orí 3 ìwé Jákọ́bù, ìjánu náà ni wọ́n lò, ó sì tó wọn. Kò lè tó ẹni tí ń tọ́jú ẹṣin, nítorí pé irin ẹnu pọ̀ ní oríṣiríṣi, iṣẹ́ wọn kò sì dọ́gba.

Kí ni ó fà á tí ọ̀rọ̀ wa fi ṣọ̀wọ́n níbi tí ó yẹ kí ó pọ̀? Apá ibi tí a wà yìí kì í ṣe ilẹ̀ ẹṣin. Láti Abúlé Ẹ̀gbá títí dé Abẹ́òkúta, ilẹ̀ igbó ni látijọ́, eṣinṣin tsetse sì ń gbé inú igbó. Àrùn tí ó ń gbìn sínú ẹ̀jẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé. Ọ̀yọ́ Ilé ní tirẹ̀ wà lókè ní àríwá, ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Ibẹ̀ ni àwọn Aláàfin ti kó ẹlẹ́ṣin jọ, tí wọ́n fi ya wọ ilẹ̀ Dàhòmì ní ọdún 1726, tí wọ́n sì ń padà lọ títí Dàhòmì fi gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀. Robin Law, òpìtàn tí ó kọ nípa àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ní ọdún 1975, tí ó sì tẹ odidi ìwé jáde lórí ẹṣin ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1980, fi yé wa pé rírà ni Ọ̀yọ́ ń ra ẹṣin lọ́wọ́ àwọn ará àríwá, àti pé àwọn ẹrú tí ó ti àríwá wá, Hausa pàápàá, ni ó ń tọ́jú wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1817, Àfọ̀njá ké sí àwọn ẹrú wọ̀nyí kí wọ́n wá bá òun ní Ìlọrin. Wọ́n fi olówó wọn sílẹ̀, wọ́n lọ. Àwọn òpìtàn máa ń ka iye jagunjagun tí Ọ̀yọ́ tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù. Lójú tèmi, ọwọ́ tí ó mọ ẹnu ẹṣin náà bá wọn lọ. Oyè Olókùn-ẹṣin kò kúrò láàfin, ṣùgbọ́n oyè yàtọ̀ sí ìmọ̀ okùn.

Irú ìjánu tí ó gbilẹ̀ jù láàrin àwọn ẹlẹ́ṣin àríwá ni èyí tí n ó pè ní ìjánu olóòrùka, tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Àríwá Áfíríkà wá. Ó ní apá gígùn méjì tí okùn so mọ́. Irin tí ó sùn lórí ahọ́n hù sókè láàrin bí ṣíbí, òrùka kan sì rọ̀ mọ́ orí ṣíbí náà, tí ó yí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ká. Bí a bá fa okùn, ṣíbí yóò dìde kan àjà ẹnu, òrùka yóò sì fún àgbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀: bí apá náà bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 15, tí ṣíbí sì ga ní 5, agbára tí yóò dé abẹ́ àgbọ̀n yóò tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí ọwọ́ fà. Ó le, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdí wà. Ọ̀kọ̀ tàbí idà wà ní ọwọ́ ọ̀tún jagunjagun; ọwọ́ òsì nìkan ni ó kù fún ẹṣin, ó sì gbọ́dọ̀ lè dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹṣin ní Èkó, tí ẹgbẹ́ wọn ti wà láti ọdún 1904, wà nínú irú ìṣòro kan náà, nítorí igi ìgbábọ́ọ̀lù ni ó gba ọwọ́ ọ̀tún tiwọn. Ogun ni a rọ irin yìí fún. Ẹṣin tí ń fẹ̀yìn orí ti ọwọ́ ẹni kọ́ ni alágbẹ̀dẹ rò nígbà tí ó ń rọ ọ́.

Kí ni ó ń mú ẹṣin gbára lé ìjánu? Láàrin eyín iwájú ẹṣin àti eyín ìjẹun rẹ̀, àlàfo kan wà tí kò sí eyín, èrìgì lásán lórí egungun. Ibẹ̀ ni irin ń jókòó lé. Bí a bá ń fà á láìdẹwọ́, ibẹ̀ yóò kú tipiri, yóò sì yi bí àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀ tí ó ti di ọkọ́ mú fún ogún ọdún. Nígbà náà ẹṣin kò tún gbọ́ ọwọ́ mọ́. Àwọn mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé iwájú ara wọn ni wọ́n kó gbogbo ìwúwo sí. Wọ́n nílò ẹsẹ̀ karùn-ún, ọwọ́ ẹni tí ó gùn wọ́n ni wọ́n sì fi ṣe é. Ẹ fi irin tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ sí irú ẹnu yìí: fún ọjọ́ díẹ̀ yóò gbọ́, lẹ́yìn náà yóò yi sí i, tàbí kí ó máa ju orí sókè kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ ìrora, ẹni tí ó gùn ún kò sì ní rí iwájú mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Xenophon ará Gíríìsì, tí ó jẹ́ ọ̀gágun ẹlẹ́ṣin, ti kọ̀wé lé e lórí ní ohun tí ó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn. Ó ní kí olúkúlùkù ní ìjánu méjì, ọ̀kan dídán, ọ̀kan ṣákiṣàki, kí ẹṣin tí ó ti tọ́ èyí tí ó rí ṣákiṣàki wò lè fi ẹnu ara rẹ̀ yan èyí tí ó dán. Èyí tí ó wù mí jù nínú ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé irin tí ó ní oríkèé sàn ju irin tí ó le gbandi lọ, nítorí ẹṣin lè fi àgbọ̀n gbá gbogbo irin gbandi mú lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n alóríkèé ń yọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀ bí ó ti ń wá a kiri. Ohun tí kò dúró sójú kan kò ṣe é fẹ̀yìn tì.

Nítorí náà, ìjánu alóríkèé ni mo fara mọ́ fún ẹṣin alágbára tí ń gbára lé ọwọ́. Bí oríkèé náà bá jẹ́ méjì, tí òrùka kéékèèké tí ń yí sì wà láàrin, ó dára bẹ́ẹ̀. Kí irin má tín-ín-rín jù, kí ó má baà gé ẹnu. Kí ó má sì nípọn jù, nítorí irin tí ó nípọn tu ẹnu lára, ẹṣin yóò sì sùn lé e bí ìrọ̀rí. Kí ó yọ díẹ̀, bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà, ní ẹ̀gbẹ́ ètè kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ irin nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni méjì ni ó ń fa okùn. Bí ẹnì kan bá dẹwọ́, ẹnì kejì kò ní ohun tí yóò fà mọ́. Kí ẹni tí ó gùn ún fà, kí ó dẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀ tí ẹṣin bá gbà, kí ó sì máa fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tì í kí ẹ̀yìn ara ẹṣin lè gba díẹ̀ nínú ìwúwo náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan wá jù lọ́dọọdún ni Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí ìdílé àwọn Balógun, Kúkù, Odùnúgà àti àwọn yòókù, bá gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀ ní Òjúde Ọba. Púpọ̀ nínú àwọn ẹṣin náà ni a mú wá láti àríwá pẹ̀lú irin tí ó ti wà lẹ́nu wọn, ọ̀pọ̀ àwọn tí yóò gùn wọ́n ni kò sì gun ẹṣin láti ọdún tí ó kọjá. Ìlù ń dún, ìbọn ń dún, ẹṣin ń fà, ọmọ Balógun ń fà. Kí ẹni tí yóò gun ẹṣin ní ọdún tí ń bọ̀ lọ bá a ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Kí ó bẹ ẹni tí ó mú un wá kí ó la ẹnu ẹṣin náà fún òun, kí ó fi ìka kan èrìgì rẹ̀ wò bóyá ó yi tàbí ó bó, kí ó tó béèrè àwọ̀ aṣọ tí wọn yóò fi bo gàárì.