Ọkà Ṣáájú Àgbàdo: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Àgbẹ̀ Kan

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ọkà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Lẹ́nu àgbẹ̀, irúgbìn tí à ń kó sínú àká ni, pàápàá ọkà bàbà. Ní ìdí ààrò ní Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn, oúnjẹ tí a fi ẹ̀lùbọ́ iṣu rò ni, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní àmàlà. Nínú Bíbélì Yorùbá, ọkà ni àwọn ọmọ Jákọ́bù lọ rà ní Íjíbítì. Èwo nínú ìtumọ̀ wọ̀nyí ló yẹ kí òpìtàn gbé lé lórí bí ó bá pàdé ọ̀rọ̀ náà nínú oríkì tàbí ẹsẹ Ifá?

Ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà ni ọkà bàbà. Àgbàdo kò rí bẹ́ẹ̀: Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn, ẹ̀yìn ìgbà tí Columbus dé Amẹ́ríkà ní 1492 ló sì sọdá òkun. Nínú èdè Ìgbò àti Ẹ̀dó, àgbàdo gan-an ni ọka. Ó jọ pé orúkọ àtijọ́ ni wọ́n fi wọ irúgbìn tuntun. Ní ti Yorùbá ajùmọ̀lò, àlejò náà gba orúkọ tirẹ̀, àgbàdo, tí àwọn kan ń pè ní yangan.

Ó ṣeé ṣe kí orúkọ oúnjẹ náà ti ara ìyẹ̀fun ọkà bàbà wá. Nígbà tí ẹ̀lùbọ́ iṣu gba ipò rẹ̀ nínú ìkòkò, orúkọ kò bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀nà tí a fi ń ka ọjọ́ orí ohun àtijọ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn àpáàdì kan wà lára èyí tí wọ́n tò sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí wọ́n ní àmì ṣùkù àgbàdo. Frank Willett gbé irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ yẹ̀wò ní 1962. Àpáàdì tó bá ní àmì yìí kò lè dàgbà ju dídé àgbàdo lọ. Bákan náà ni ìlà ẹsẹ Ifá tó bá dárúkọ àgbàdo: ẹ̀yìn tí irúgbìn náà dé ni wọ́n ṣẹ̀dá rẹ̀ tàbí tún un ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ tó yí i ká lè ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọkà kò lè ṣe irú ẹ̀rí yìí, nítorí ó ti wà kí àgbàdo tó dé, ó sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ka ọkà tó sì túmọ̀ rẹ̀ sí àgbàdo láìwo ibi tí wọ́n ti lò ó ti pa oko àtijọ́ kan rẹ́ kúrò nínú ìtàn.