Ọkọ̀ Chinatown: Bọ́ọ̀sì Olówó Pọ́ọ́kú ní Ìlà-Oòrùn Amẹ́ríkà

Ọkọ̀ Chinatown ni wọ́n ń pe àwọn bọ́ọ̀sì tí àwọn oníṣòwò ará Ṣáínà fi ń gbé èrò láti àdúgbò àwọn ènìyàn wọn ní ìlú kan lọ sí òmíràn ní Amẹ́ríkà, pàápàá láàrin New York, Boston, Philadelphia àti Washington. Òfin ọdún 1982, tó mú kí ó rọrùn láti dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ akérò sílẹ̀, ló la ọ̀nà fún wọn, ṣùgbọ́n ìparí àwọn ọdún 1990 ni òkìkí wọn tó kàn.

Iṣẹ́ ilé oúnjẹ ló bí wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wá láti ẹkùn Fujian tẹ̀dó sí agbègbè East Broadway ní Manhattan. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń báni wá iṣẹ́ ṣí ọ́fíìsì sí, tí wọ́n ti ń rán alásè àti agbáwo lọ sí ilé oúnjẹ ní àwọn ìlú tó jìn. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sì ní mọ́tò, fẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè rẹ̀, tí yóò já a sílẹ̀ sáàrin àwọn ènìyàn rẹ̀ nígbà tó bá gba ìsinmi.

Fung Wah ló lórúkọ jù nínú wọn. Pei Lin Liang dá a sílẹ̀ ní 1996; bọ́ọ̀sì kékeré ni ó fi ń ná Manhattan sí Sunset Park ní Brooklyn. Ní 1998, ó mú ọ̀nà Boston pọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí Lucky Star, abánidíje rẹ̀, dé, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í já owó ọkọ̀ wálẹ̀, títí ó fi di dọ́là 10. Greyhound àti Peter Pan, àwọn àgbà ilé-iṣẹ́, kò lè dúró lórí iye tiwọn mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ àti arìnrìn-àjò aláìlówó, tí kì í ṣe ará Ṣáínà rárá, wá kún inú ọkọ̀.

Ibo ni ẹ̀dínwó náà ti wá? Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò san owó ibùdókọ̀: ẹ̀bá títì ni wọ́n ti ń kó èrò. Wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré, agbèrò a sì máa pariwo orúkọ ìlú bíi ti Ọjọ́ta ní Èkó. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ polówó. Ẹnu èrò tó ti wọ̀ ọ́ rí ló ń bá wọn polówó.

Ìdíje náà ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Ní nǹkan bíi 2003 àti 2004, ìjà àwọn ẹgbẹ́ tó fẹ́ gba ọ̀nà di ti ìbọn ní New York. Ewu tún wà lójú ọ̀nà: ní oṣù karùn-ún 2011, bọ́ọ̀sì Sky Express dojú dé ní Virginia lẹ́yìn tí awakọ̀ sùn lọ. Èèyàn mẹ́rin kú. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ìjọba àpapọ̀ ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ 26 pa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní 2013, àwọn aṣàyẹ̀wò ìjọba rí i pé irin tó gbé ọkọ̀ Fung Wah dúró ti sán, wọ́n sì dá a dúró. Ó gba àṣẹ padà ní ìparí 2014, ṣùgbọ́n kò rí ẹsẹ̀ gbé. Ó kógbá wọlé ní 2015.

Kí ìjọba tó ti àwọn ilé-iṣẹ́ náà pa ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti kọ́ ọgbọ́n wọn. Megabus bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2006, Greyhound àti Peter Pan sì gbé BoltBus jáde ní 2008: ẹ̀bá títì, owó táṣẹ́rẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó kọ́kọ́ dá àṣà náà sílẹ̀ ni òfin mú jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú wọn ṣì ń kó èrò ní Manhattan títí di òní.